Bí a ṣe lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti yanjú àìdọ́gba àti láti yà á sórí gíráàfù

Olùkọ́ tó bá ń kọ́ ọmọ ní áljẹ́brà ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Rẹ́mọ, ìbáà jẹ́ nínú kíláàsì tàbí ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́, yóò ti ṣàkíyèsí pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yanjú ìdọ́gba wọ́ọ́rọ́wọ́ a máa kọsẹ̀ bó bá dé orí àìdọ́gba (inequality), ìyẹn gbólóhùn ìṣirò tó ní <, >, ≤ tàbí ≥. Kì í ṣe ìṣirò rẹ̀ ló le. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n wá bí ìdáhùn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí kò lóǹkà ló wà nínú ìdáhùn àìdọ́gba. Bí kò bá tíì gba èyí, yóò kọ x ≤ 6 sílẹ̀, yóò sì máa rò pé 6 nìkan ni òun ń wá.

Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. “Kò gbọdọ̀ ju 14 lọ” ni ≤ 14. “Ó kéré tán, 14” ni ≥ 14. “Kò tó 14” ni < 14. “Ó ju 14 lọ” ni > 14. Ká ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra) ní Ìjẹ̀bú-Òde ń gba àwọn tí a bí láti 1960 títí dé 1962, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ ọ́ báyìí: 1960 ≤ x ≤ 1962, kí ó sì sọ ìdí tí ọdún méjèèjì tó wà ní ìpẹ̀kun fi wọlé. Èmi kì í gbà kí wọ́n gbára lé ohun tí a kọ́ wọn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé ẹnu àmì náà máa ń yà sí èyí tó tóbi. Ó wúlò fún 3 àti 8, ṣùgbọ́n bí x bá dé, ta ló ti mọ èyí tó tóbi?

Lẹ́yìn èyí, ẹ fún un ní ìṣòro ọjà. Ọmọ kan mú ₦5,000 lọ sí Ọjà Òkè-Àjẹ. Owó ọkọ̀ rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ₦800, kóńgò gaàrí kan sì jẹ́ ₦700. Kóńgò mélòó ló lè rà? Àìdọ́gba rẹ̀ ni 800 + 700x ≤ 5000. A yọ 800 kúrò lápá méjèèjì, ó ku 700x ≤ 4200. A fi 700 pín in, x ≤ 6. Lórí ìlà nọ́ńbà, a ó fi àmì róbótó tí a kùn dúdú sórí 6, nítorí pé 6 wà lára ìdáhùn, a ó sì fa ọfà sí apá òsì. Bó bá jẹ́ x < 6 ni, àmì róbótó náà yóò ṣófo. Ẹ má ṣe gbàgbé láti bi í bóyá -3 jẹ́ ìdáhùn. Áljẹ́brà gbà á. Ọjà kò gbà á, nítorí náà x ≥ 0 gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti dúró pẹ́ jù lọ ni ọ̀rọ̀ yíyí àmì padà. Bí a bá fi nọ́ńbà òdì sọ apá méjèèjì di púpọ̀, tàbí tí a fi pín wọn, àmì gbọ́dọ̀ yí. Ẹ má kàn sọ ọ́ bí òfin. Ẹ kọ 2 < 5 sórí pátákó, kí ẹ fi -1 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ọmọ fúnra rẹ̀ wá -2 àti -5 lórí ìlà nọ́ńbà. Yóò rí i pé -5 ló wà lápá òsì, àti pé -2 > -5; ẹni tó jẹ gbèsè ₦2 sàn ju ẹni tó jẹ ₦5 lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé -3x < 12 fún un: a fi -3 pín in, ó di x > -4. Kí ó fi 0 dán an wò: 0 < 12, òótọ́ ni. Kí ó tún fi -5, tó wà lódìkejì, dán an wò: 15 < 12, irọ́ ni.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ọmọ a máa yí àmì ní gbogbo ìgbà tó bá ṣáà ti rí àmì òdì. Nínú 2x > -8, 2 ni a fi ń pín, kì í ṣe -8, nítorí náà x > -4 ni, àmì kò yí rárá. Ọmọ tí èyí bá ń dà láàmú lè gbé x lọ sí apá ibi tí kò ti ní jẹ́ òdì: 7 - 2x ≥ 1 yóò di 7 ≥ 1 + 2x, lẹ́yìn náà 6 ≥ 2x, lẹ́yìn náà 3 ≥ x, èyí tí a ń kà sí x ≤ 3.

Bí x àti y bá jọ wà níbẹ̀, ó di ti ìwé gíráàfù. Ká ní àpò gaàrí kékeré jẹ́ ₦2,000, kí kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan jẹ́ ₦3,000, kí owó tó wà lọ́wọ́ má sì ju ₦12,000 lọ. Bí x bá jẹ́ iye àpò gaàrí, tí y jẹ́ iye kẹ́ẹ̀gì epo, tí a sì fi ẹgbẹ̀rún ka owó náà, 2x + 3y ≤ 12 ni. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é bí ìdọ́gba: bí y bá jẹ́ 0, x jẹ́ 6, bí x bá jẹ́ 0, y jẹ́ 4. Ẹ fi rúlà so (6, 0) àti (0, 4) pọ̀. Ìlà tó já geere ni fún ≤ àti ≥. Fún < àti >, ẹ gé ìlà náà sí wẹ́wẹ́, nítorí pé ojú ìlà kò sí lára ìdáhùn. Kí ẹ tó kun ibì kankan, ẹ fi (0, 0) dán an wò: 0 ≤ 12, òótọ́ ni, apá tí (0, 0) wà ni ìdáhùn. Bí ìlà bá gba orí (0, 0) kọjá, bíi ti y > 2x, ẹ mú ojú mìíràn bíi (1, 0). Àwọn olùkọ́ kan a máa kun apá tí kò wúlò, àwọn mìíràn a máa kun apá tó wúlò. Kí ọmọ ka ìbéèrè dáadáa, kí ó sì kọ èyí tó kùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíráàfù rẹ̀.

Níkẹyìn, kí ó fi x ≥ 0 àti y ≥ 0 kún un, kí ó wá ka gbogbo ojú tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ odidi. Mọ́kàndínlógún ni yóò bá níbẹ̀, bí a bá ka (0, 0) tí kò ra nǹkan kan mọ́ ọn. Kí ó fi ìka tọ́ka sí (2, 3), kí ó ṣàlàyé ìdí tí owó kò fi tó o, kí ó sì tọ́ka sí (3, 2), níbi tí ₦12,000 ti tán pátápátá.