Ẹ Fa Àpótí Abẹ́ Tábìlì: Bí A Ṣe Ń Jẹun ní Ilé Gukbap ní Kòríà

Ọjọ́ kẹta tí mo dé Seoul ni ebi lé mi wọ ilé gukbap kan, búkà ọbẹ̀ àti ìrẹsì. Mo jókòó, mo nàka sí àwòrán kan lára ògiri. Kò pẹ́ tí ìyá olóúnjẹ fi gbé ìkòkò amọ̀ dúdú kalẹ̀ níwájú mi, ọbẹ̀ inú rẹ̀ ṣì ń hó, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ṣíbí. Mo ní wọ́n ń gbé e bọ̀. Mo ń wo ọbẹ̀, ọbẹ̀ ń wò mí, títí híhó rẹ̀ fi rọlẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó wà ní tábìlì kejì ló ṣàánú mi. Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi, ó fa àpótí pẹlẹbẹ kan síta, àfi ṣíbí, ọ̀pá ìjẹun àti bébà ìnuwọ́ rẹpẹtẹ! Kò sọ nǹkan kan. Ó padà sídìí oúnjẹ tirẹ̀.

Báyìí ni ilé gukbap rí. Ohun tí ẹ nílò ti wà nítòsí yín, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní bá yín fà á, kò sì sí ẹni tí yóò wá bi yín pé ṣé ó dùn. Kì í ṣe pé wọn ò kà yín sí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ ìyá wọn náà nìyẹn. Bí ẹ ò bá rí omi lórí tábìlì, ẹ wo ara ògiri. Bí ẹ bá rí 셀프, ó túmọ̀ sí pé kí ẹ dìde lọ bu ú fúnra yín. Omi ò lówó.

Guk ni ọbẹ̀ olómi, bap ni ìrẹsì sísè. Búkà tiwọn ni: kò sí aṣọ funfun lórí tábìlì, oúnjẹ kì í pẹ́ jáde, ẹni tó dá wá jẹun kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, owó abọ́ kan kì í jìnnà sí 10,000 won. Ẹ má fi ọbẹ̀ tiwa wé e o. Kò sí tòmátò níbẹ̀, kò sí epo pupa, kò sí rodo. Omi ẹran ni.

Ẹran wo wá ni? Seolleongtang ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: eegun àti ẹran màlúù tí wọ́n sè fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí omi rẹ̀ fi funfun bíi wàrà. Ẹni tó fẹ́ràn bọ̀kọ̀tọ̀, kó bèèrè dogani-tang, orúnkún màlúù. Ó ń lẹ ètè pọ̀ bíi bọ̀kọ̀tọ̀ gan-an. Dwaeji-gukbap, tó gbajúmọ̀ ní ìlú Busan, ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ti ìlú Jeonju, èéhù ẹ̀wà sóyà ni, kongnamul-gukbap lorúkọ rẹ̀. Haejangguk jẹ́ ti àwọn tó mutí mọ́jú. Nígbà tí ooru bá mú gan-an, ẹ ó rí wọn tí wọ́n tò síwájú ilé samgyetang, odidi adìẹ kékeré tí wọ́n ki ìrẹsì, aáyù àti gbòǹgbò ginseng sí nínú. Wọ́n gbà pé ooru ni wọ́n fi ń lé ooru. Mo jẹ ẹ́ nínú oṣù keje, mo làágùn débi pé ẹ̀wù mi ṣeé fún.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ mọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí lójú. 돼지, dwaeji, ẹlẹ́dẹ̀ ni. 순대, sundae, ìfun ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń ki ẹ̀jẹ̀ àti núdù sí ni. 선지, seonji, ẹ̀jẹ̀ màlúù tó dì ni, ó jọ ẹ̀dọ̀ lójú ẹni tí kò mọ̀, ó sì máa ń wà nínú irú haejangguk kan. Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í jẹ ẹ̀jẹ̀ náà, ẹ ṣọ́ra. Màlúù inú seolleongtang pàápàá kì í sábà jẹ́ hàlálì. Ẹni tí ìyẹn bá jẹ lógún, kó gba Itaewon ní Seoul lọ, lágbègbè mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n ṣí ní 1976. Yóò rí ilé oúnjẹ hàlálì níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà ni iyọ̀. Mo mú ọ̀rẹ́ mi kan lọ jẹ seolleongtang. Ó bu ṣíbí méjì sẹ́nu, ó ní ọbẹ̀ aláìsàn ni wọ́n gbé fún òun. Wọn ò fi iyọ̀ sí i lóòótọ́. Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Iyọ̀ wà nínú ike kékeré lórí tábìlì, àlùbọ́sà eléwé tí wọ́n rẹ́ wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ tọ́ ọ wò ná. Ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ rò ó délẹ̀, ẹ tún tọ́ ọ wò. Bó bá jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀, saeujeot ni wọ́n fi ń ṣe é, edé wínníwínní tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ. Iyọ̀ rẹ̀ ju bí ojú ti rí i lọ, nítorí náà ẹ má bù ú bí ẹní bu edé sínú ẹ̀fọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ata, dadaegi wà, ata pupa tí wọ́n pò. Èmi máa ń da omi kkakdugi díẹ̀ sí tèmi, ìyẹn omi tó sun lára kimchi (ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi iyọ̀ àti ata rẹ títí ó fi kan) onírádíṣì tí wọ́n gé ní igun mẹ́rin. Ó kan díẹ̀, ó ta díẹ̀, ó sì máa ń pa ọ̀rá ẹran náà lẹ́nu.

Ìrẹsì máa ń wà nínú abọ́ onírin tó ní ọmọrí, ó sì gbóná, kò ṣeé gbé lọ́wọ́. Ẹ lè dà á sínú ọbẹ̀, ẹ lè jẹ ẹ́ lọ́tọ̀. Ní àwọn ilé àtijọ́, ìrẹsì ti wà nínú ọbẹ̀ kó tó dé iwájú yín. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná kí ẹ wò wọ́n: alásè á da omi gbígbóná sórí ìrẹsì, á dẹ abọ́ náà, á fi ìgbakọ dí ìrẹsì mọ́lẹ̀ kí omi padà sínú ìkòkò, á tún dà á. Ó lè ṣe é tó ìgbà mẹ́rin, márùn-ún. Toryeom ni wọ́n ń pè é. Àdùn ọbẹ̀ á wọ ìrẹsì, síbẹ̀ kò ní jó yín láhọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ kkakdugi sí i, wọn ò ní gbowó. Ẹ pariwo “Yeogiyo!”, ìyẹn “níbí o!”, tàbí kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìpè. Bí obìnrin náà bá dàgbà díẹ̀, wọ́n máa ń pè é ní “imo”, ọmọ ìyá ìyá ẹni lóbìnrin. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ èyí. Àǹtí tiwa náà ni. Ìwọ̀n tí ẹ lè jẹ tán nìkan ni kí ẹ gbà o.

Bí ẹ bá bá àgbà jẹun, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gbé ṣíbí. Ẹ fọwọ́ méjèèjì gba ohun tó bá nà sí yín. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí wa. Èyí tó ṣàjèjì ni pé a kì í gbé abọ́ sókè mọ́ ẹnu, a kì í fun imú nídìí oúnjẹ, a kì í sì gún ọ̀pá ìjẹun sínú ìrẹsì ní òòró, torí ó jọ tùràrí tí wọ́n ń tàn fún òkú.

Bí ẹ bá yó, ẹ dìde. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń sanwó, káàdì sì dára. Ẹ má fi owó ẹ̀bùn sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo ṣe é nígbà kan, ìyá náà sáré bá mi lójú títì, ó ní mo gbàgbé owó. Ẹ sọ “Jal meogeosseumnida” fún wọn, mo jẹun dáadáa. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ kọfí kékeré lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ọ̀fẹ́ ló sábà máa ń jẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má wá ṣúgà kiri o, wọ́n ti bá yín fi sí ìyẹn.