Bí ẹ ṣe máa pààrọ̀ ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ Sienna, pàápàá èyí tó wà lẹ́yìn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Sienna ná Àkúrẹ́ sí Oǹdó, ẹ ti mọ iná ẹ́ńjìnì tó máa ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn. Tèmi tàn bí mo ṣe kọjá Owéna, mi ò kà á sí, àfìgbà tí epo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé gbogbo owó tí mò ń pa lọ tí ẹnu sàlẹ́ńsà wá dúdú bí ìdí ìkòkò. Réwáyà tí mo gbé e lọ bá ní ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ ni, ìyẹn ohun tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín ẹ́ńjìnì, kí n lọ ra ọ̀kan wá, mo rà á, ó fi í sí i, ọjọ́ kẹta iná tún tàn padà. Àṣé ibi tí ọwọ́ ẹ̀ tó ló pààrọ̀, èyí tó bàjẹ́ gan-an wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì níbi tí ò fẹ́ dé!

Torí náà ẹ skán án kẹ́ ẹ tó náwó, kí ẹ̀rọ ka kóòdù àṣìṣe tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Kóòdù P0135 ló jáde lára tèmi, ìyẹn ni pé ohun tó ń mú sẹ́ńsọ̀ 1 báǹkì 1 gbóná tàbí wáyà ẹ̀ ti níṣòro, P0155 sì ni ti báǹkì 2 (kì í ṣe báǹkì tí wọ́n ń kówó sí o, ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì ni). Lára Sienna V6, báǹkì 1 ni èyí tó fara ti ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti ìjókòó, báǹkì 2 ló kọjú sí rédíétọ̀. Sẹ́ńsọ̀ 1 wà ṣáájú kátálísì (ohun tó ń fọ èéfín mọ́ lára páìpù sàlẹ́ńsà), sẹ́ńsọ̀ 2 wà lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ P0171 lẹ rí, ìyẹn ni pé atẹ́gùn ti pọ̀ ju epo lọ, ẹ má tíì ra nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀ọ̀sì tó ya tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Tó bá sì jẹ́ P0420, ìyẹn ni pé kátálísì ò ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò ná, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gé kátálísì yín tà kẹ́ ẹ tó ra ọkọ̀ náà, ẹ̀ báà pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ mẹ́wàá iná yẹn ò ní kú.

Ẹ wo fúùsì tó ń gbé iná lọ sí sẹ́ńsọ̀ náà ṣá, torí fúùsì ò wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ mú nọ́ńbà ara ti àtijọ́ lọ. Ti iwájú kátálísì nọ́ńbà ẹ̀ ní Toyota máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 89467, ti ẹ̀yìn kátálísì 89465, wọ́n jọra lójú àmọ́ iṣẹ́ wọn ò papọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kankan sọ fún yín pé "ọ̀kan náà ni, ẹ lò ó bẹ́ẹ̀." Ẹ má sì gba èyí tí wọ́n fẹ́ gé wáyà ẹ̀ kí wọ́n fi léèdì jó o pọ̀, inú wáyà yẹn ni sẹ́ńsọ̀ ti ń fa atẹ́gùn ìta.

Iṣẹ́ gan-an wà nínú yíyọ ẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè, ẹ fi sítáńdì tì í, kì í ṣe jáàkì nìkan o, abẹ́ ẹ̀ lẹ máa wọ̀. Ẹ yọ hẹ́ẹ̀dì négétíìfù bátìrì. Láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ti fọn WD-40 sí ìdí ẹ̀, mo tún fọn ọ́n láàárọ̀, torí tó bá ti dípẹtà tó sì gan mọ́ páìpù, ipá nìkan ò lè tú u. Kí ẹ́ńjìnì lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ máa ń ràn án lọ́wọ́, àmọ́ ẹ má lọ fọwọ́ kan sàlẹ́ńsà tó gbóná. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì wáyà ẹ̀ kúrò, tó bá dáa lójú yín pé ó ti kú tán ẹ gé wáyà náà dànù kí spánà olórùka 22 lè wọlé dáadáa, spánà ẹlẹ́nu máa ń bó etí ẹ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ dè é díẹ̀, kẹ́ ẹ tó tú u, tí kò bá gbà ẹ fi páìpù gun spánà. Tèmi han gooro bí ìgbà tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn àtijọ́. Tí ìlà yíyípo (thread) inú ihò tí sẹ́ńsọ̀ ń wọ̀ bá bàjẹ́, táàpù M18 × 1.5, irin tí wọ́n fi ń gé ìlà yẹn, lẹ máa fi tún un ṣe.

Ọwọ́ lásán lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ sí í dè tuntun. Èyí tí wọ́n ti fi gíríìsì sí ẹsẹ̀ ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ẹ má fi nǹkan kan kún un, kí gíríìsì má kan orí ẹ̀ rárá, gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi lẹ gásíkẹ́ẹ̀tì sì máa ń pa á. Ẹ fi spánà tó ń wọn agbára ìdè dè é bíi 40 sí 45 Nm, ẹ má fi páìpù dè é! Ẹ so wáyà mọ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀ kó má lọ kan páìpù gbígbóná.

Ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ wà á jáde. Mo wa tèmi lọ Oǹdó mo tún wà á bọ̀, iná ò tàn mọ́. Tí kóòdù kan náà bá tún yọjú lára tiyín, ẹ tẹ̀lé wáyà yẹn títí dé kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì, eku máa ń jẹ ẹ́.