Bí a ṣe ń kan géètì onípákó sẹ́nu ọgbà ẹ̀fọ́ láìnáwó rẹpẹtẹ

Ewúrẹ́ méjì péré ló jẹ ewédú ìyá mi tán láàárọ̀ ọjọ́ kan, nítorí páànù àlòkù tí a fi dí ẹnu ọgbà ti wó. Àtìgbà náà ni mo ti ń kan géètì ọgbà fúnra mi. Kò dìgbà téèyàn bá kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Ayùn, òòlù, téèpù àti sùúrù tó tó ni iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Ká ní ẹnu ọgbà yín fẹ̀ tó íǹsì 36. Ẹ ra pákó 2-by-3 ẹyọ kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12; ó tó fún gbogbo egungun géètì náà. Ẹ ra 3-by-4 kan tó gùn bákan náà, kí ẹ gé e sí méjì fún òpó. Ibi òpó ni kí ẹ má ti ṣọ́ owó ná o: igi líle bí apá tàbí ìrókò ni kí ó jẹ́, torí inú ilẹ̀ ni ikán ti ń bá a. Ojú géètì ni ẹ ti lè dín owó kù. Ẹ wá pálẹ́ẹ̀tì àlòkù, ìyẹn àtẹ́ onípákó tí wọ́n máa ń to ẹrù lé. Èyí tí wọ́n bá tẹ HT sí lára, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀. Tí ẹ bá rí MB, gáàsì olóró ni wọ́n fi pa á. Ẹ má gbé e dé ìdí ẹ̀fọ́.

Ẹ ri òpó kọ̀ọ̀kan wọlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Òkúta wẹ́wẹ́ ni kó kọ́kọ́ wọ ihò kí omi lè máa ráyè lọ, lẹ́yìn náà ni kọnkéré. Ẹ jẹ́ kí ojú kọnkéré náà rọra dà sẹ́yìn kúrò lára òpó kí òjò má bàa dúró nídìí rẹ̀. Àwọn kan a máa fi epo ẹ́ńjìnnì dúdú kun òpó nítorí ikán. Èmi kì í ṣe é, nítorí inú ilẹ̀ yẹn la ti ń jẹun. Ẹ fún kọnkéré náà ní ọ̀sẹ̀ kan kó gan.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ẹ gé 2-by-3 yẹn sí igi ìdábùú méjì, íǹsì 35 lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tọ́jú ìyókù. Ẹ gé pẹlẹbẹ pálẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ ní íǹsì 44, ẹ fi sáńpépà ha wọ́n, kí ẹ sì kun ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti orí wọn lọ́dà kí ẹ tó kàn wọ́n. Orí tí a gé yẹn ló ń mu omi jù. Ẹ tẹ́ ìdábùú méjèèjì sílẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ to pẹlẹbẹ lé wọn, ààbọ̀ íǹsì láàárín ọ̀kan sí èkejì, torí pákó máa ń wú lásìkò òjò. Ìṣó oníńṣì 2 ló yẹ ẹ́. Ẹ fi òòlù lu ẹnu ìṣó kó kú díẹ̀ kí ẹ tó gbá a wọlé. Pákó kò ní là. Ẹ wá wọn ún láti igun dé igun níhà méjèèjì. Tí iye méjèèjì bá dọ́gba, géètì yín kò wọ́.

Igi ìtìlẹ́yìn ló kù, ìyókù 2-by-3 yẹn ni ẹ ó fi ṣe é; òun ló sì ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Láti ìsàlẹ̀ níhà ínjì ni kó ti gbéra, kó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sókè níhà ìkọ́. Ẹ ṣáà rí bí a ṣe ń fi igi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó so ńlá: ìsàlẹ̀ la ti ń tì í, igi á sì gbé ẹrù náà fún ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi yìí ṣe ń gbé ìwúwo géètì lọ fún ínjì ìsàlẹ̀ àti òpó. Tí ẹ bá yí i padà, ìṣó nìkan ni yóò máa fà á, ìṣó á sì tú. Òdìkejì yìí ni mo kàn mọ́ géètì mi àkọ́kọ́. Nígbà tí òjò ọdún kejì fi dé, ẹnu rẹ̀ ti ń wọ́lẹ̀, ó ti ha ilẹ̀ yípo bí òṣùpá ilẹ̀ẹ̀lẹ̀, àfi ká fi ọwọ́ gbé e ká tó wọlé.

Lítà kan ọ̀dà gílọ́ọ̀sì tí kò ní òjé nínú tó kun ún lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ fi tínà là á díẹ̀ fún àkọ́kọ́ kó lè wọ igi lára, kí ẹ sì jẹ́ kó sùn mọ́jú kí ẹ tó tún un kùn. Ẹ má kùn ún nígbà ọyẹ́: eruku á lẹ̀ mọ́ ọn.

Ínjì méjì alápá gígùn ni kí ẹ fi gbé e kọ́, kí skúrù wọn sì wọ inú igi ìdábùú. Ẹ fi ọṣẹ ra skúrù náà, yóò rọrùn láti yí. Kí géètì ga sílẹ̀ ní íǹsì 2. Ẹ la agolo mílíìkì ńlá, kí ẹ kàn án bo orí òpó méjèèjì kí òjò má bàa wọ̀ ọ́. Ìkọ́ irin lásán ti tó láti fi dè é, ṣùgbọ́n òkè pátápátá ni kí ẹ fi sí, níbi tí imú ewúrẹ́ kò ti ní tó o.