Ọwọ́ Òsì Ló Ń Gbé Ọ̀kadà Lọ: Bí Mo Ṣe Wa Ọ̀kadà Fún Ìgbà Àkọ́kọ́ n'Ìbàdàn

Adùn ọ̀kadà kò sí nínú eré sísá. Inú ìṣẹ́jú àáyá tí ẹsẹ̀ èèyàn méjèèjì kúrò nílẹ̀ ló wà, nígbà tí ẹ̀rọ náà nàró fúnra rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò dì í mú. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà láti Sángo dé Apẹ̀tẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú nìkan ló ń mọ̀ ọ́n, mo sì fẹ́ kọ bí mo ṣe dé ibẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lè mọ ibi tí yóò fẹsẹ̀ lé.

Bajaj Boxer BM 100 oní-jíà mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ. Kò wúwo jù, ìjókòó rẹ̀ kò ga, àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì sì ń kanlẹ̀ dáadáa. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò nìyẹn. Bó bá jẹ́ orí ìka ẹsẹ̀ lẹ fi ń kanlẹ̀, ẹ wá èyí tó kéré sí i, torí lọ́jọ́ tó bá fẹ́ dà, ẹ ò ní rí ibi tẹ ẹ máa fẹsẹ̀ tì. Pápá ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́nà Ológunẹ́rú ni èmi àti bọ̀dá tó kọ́ mi lò, láago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ Sọ́ńdè kí ọ̀nà tó kún. Ilẹ̀ pupa tó ti le ni. A kò sún mọ́ ibi koríko, torí koríko tí ìrì sẹ̀ sí máa ń yọ̀ bí ilá.

Láti oṣù Kìíní ọdún 2009 ni Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ń fi dandan lé akoto, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń fi tiwọn kọ́ ọwọ́ ọ̀kadà bí ẹni gbé àpò kọ́. Akoto tó bá ń mì lórí kò wúlò. Ẹ de okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n títí tí ìka méjì péré á fi lè wọ àárín okùn àti ọ̀fun, kí ẹ wá gbọn orí. Bí akoto bá yí tí orí ò yí, ó tóbi jù. Bàtà tó bo kókósẹ̀ ni mo wọ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò jíǹsì àti ìbọ̀wọ́. Ìró, ìborùn àti aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ kò yẹ nídìí ọ̀kadà rárá. Táyà ẹ̀yìn máa ń fa aṣọ wọlé, bó bá sì ti gbé e, kò ní dúró títí yóò fi fa ẹni tó wọ̀ ọ́ lulẹ̀.

Kí a tó tan án, a kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Afẹ́fẹ́ táyà iwájú jẹ́ 25 psi, ti ẹ̀yìn 28 fún èèyàn kan, 32 bí ẹlòmíràn bá máa jókòó sẹ́yìn. Bí fọganáísà bá kún un dé 40, táyà á le gan-an, á máa ta lórí òkúta wẹ́wẹ́, kò sì ní di ilẹ̀ mú. Ṣéènì yẹ kó mì sókè sódò ní àárín tó nǹkan bí ìbú ìka méjì. Bó bá dẹ̀ jù, ó lè fò kúrò lórí eyín rẹ̀ kó sì há táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ lórí eré. Bó bá le jù, òun fúnra rẹ̀ àti eyín tó ń fà á ni yóò jẹ. Ọ́ìlì 20W-50 ló wà nínú ẹ́ńjìnnì náà, nǹkan bí lítà kan. Inú ọ́ìlì yìí kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ táyà ẹ̀yìn, ń wẹ̀, nítorí náà ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀kadà. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan wà tí ohun tó ń mú kí irin máa yọ̀ wà nínú wọn, kílọ́ọ̀ṣì á wá máa yọ̀. Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì náà gbọ́dọ̀ dẹ̀ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà, bí ìnípọn owó kọ́ìnì kan. Bí kò bá dẹ̀ rárá, kílọ́ọ̀ṣì kò ní lè dì mú tán.

Mo jókòó lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìtan án. Ọwọ́ òsì ló ni kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ ọ̀tún ló ni iná, ìyẹn ọwọ́ tí à ń yí kí eré lè pọ̀ sí i, àti bíréèkì iwájú. Ẹsẹ̀ òsì ń pa jíà dà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń tẹ bíréèkì ẹ̀yìn. Lórí Boxer yìí, iwájú ẹsẹ̀ lẹ máa fi tẹ jíà sílẹ̀ láti ìkínní dé ìkẹrin, ẹ ó sì fi gìgísẹ̀ tẹ apá ẹ̀yìn rẹ̀ láti padà. Kì í ṣe gbogbo ọ̀kadà ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí ìkínní wà nísàlẹ̀ tí ìyókù wà lókè, ẹ bi ẹni tó ni ín kí ẹ tó gùn ún. Mo pa jíà náà dà láìwolẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi mọ̀ ọ́n, torí ẹni tó bá ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí eré kò rí ewúrẹ́ tó ń sọdá.

Láti tan án, a ṣí ẹnu epo, ìyẹn ọwọ́ kékeré abẹ́ táǹkì tó ń jẹ́ kí epo ṣàn lọ sínú ẹ́ńjìnnì, a rí i pé iná kékeré aláwọ̀ ewé tó ń sọ pé kò sí nínú jíà ti tàn, a fa ṣóòkù, tó ń jẹ́ kí epo pọ̀ sí i, nítorí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ kíìkì díẹ̀ títí yóò fi le lẹ́sẹ̀, kí ẹ tó wá gbá a lọ sílẹ̀ pátápátá. Bó bá ti gbà, ẹ dá ṣóòkù padà láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, epo á rin púlọ́ọ̀gì gbingbin, á kú, kò sì ní fẹ́ gbà mọ́. Nígbà náà, ẹ pa ẹnu epo, ẹ yí iná dé òpin, ẹ gbá kíìkì bí ìgbà mẹ́fà kí epo tó pọ̀ jù lè jáde. Àṣìṣe kejì ni pé èèyàn á gbàgbé láti ṣí ẹnu epo. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ọ̀kadà á gbà, á sì rìn díẹ̀ lórí epo tó kù nínú kábúrétọ̀, kó tó wá kú láàárín títì.

Orí kílọ́ọ̀ṣì ni mo ti fẹ́ pẹ́, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fà á mọ́ra tán, ẹ́ńjìnnì ń yí lọ́tọ̀, táyà ẹ̀yìn wà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá tú u tán, àwọn méjèèjì ti so pọ̀. Láàárín rẹ̀ ni ibì kan wà, kò fẹ̀ ju ìbú ìka kan lọ, tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì mú. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ kọ́. Mo fa kílọ́ọ̀ṣì, mo tẹ jíà kìíní, mi ò fi iná kún un rárá. Mo ń tú ìka sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ohùn ẹ́ńjìnnì fi rẹlẹ̀ tí ọ̀kadà sì fẹ́ gbéra. Mo dá ọwọ́ dúró níbẹ̀, mo ka ení, mo ka èjì, mo tún fà á padà. Ogún ìgbà ni mo ṣe é, táyà kò sì yí ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí.

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ẹ tú ọwọ́ kíákíá jù ni. Bó bá ń ké tí kò lọ, tí òórùn ohun tó ń jó sì ń jáde, iná lẹ fi kún un tí kílọ́ọ̀ṣì kò tíì tú tán. Àwọn àwo inú rẹ̀ ló ń jó yẹn, ẹ sinmi kó tutù. Èyí tó ń ṣe èèyàn léṣe ni kí ọ̀kadà fò síwájú lójijì. Bó bá ti fò, ara á fà sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún tó di iná mú á bá ara lọ, á sì tún yí iná sí i láìmọ̀. Bí èèyàn ṣe ń wa ọ̀kadà lọ kọlu ògiri nìyẹn. Ohun méjì ló ń dá a dúró. Ẹ jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá di iná mú, kó má baà sí àyè tí yóò fi yí i púpọ̀. Ìkejì, ìgbàkígbà tí nǹkan bá fẹ́ dàrú, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì. Bó ti wù kí iná pọ̀ tó, bí ẹ bá ti fa kílọ́ọ̀ṣì tán, kò sí ibi tí yóò gbé yín lọ.

Ìgbà tí mo wá fi iná díẹ̀ kún un tí mo sì tú ọwọ́ tán, ó lọ. Fún bíi mítà márùn-ún àkọ́kọ́, ó ń mì lọ́tùn-ún lósì, mo sì ń fẹ́ fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀. Kò yẹ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè lójú kan náà, torí ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ ló ń da ọ̀kadà. Bí eré bá ti tó kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ní wákàtí kan, táyà tó ń yí àti bí wọ́n ṣe to ìdarí iwájú á máa gbé e nàró. Mo pa iná, mo fa kílọ́ọ̀ṣì, mo tẹ jíà kejì, mo tú u. Ariwo rẹlẹ̀, atẹ́gùn wọ abẹ́ akoto, ọ̀kadà sì dúró ṣinṣin lábẹ́ mi bí ẹṣin tó ti gbà pé èmi ni mo gùn ún. Inú mi dùn débi pé mo kígbe níbẹ̀. Mi ò rí ohun tí mo lè fi wé e.

Dídúró le ju lílọ lọ. Ọ̀pọ̀ n'Ìbàdàn ló ń sọ pé kí a má fọwọ́ kan bíréèkì iwájú, pé á ta èèyàn nù. Kì í ṣe òótọ́ bó ṣe wà yẹn. Bí ọ̀kadà bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ ń wá síwájú, nítorí náà táyà iwájú ló lágbára jù láti dá a dúró. Ohun tó ń ta èèyàn nù ni kí ó fún un lójijì, tàbí kí ó fún un nígbà tí ọwọ́ wà ní yíyí, tàbí lórí yanrìn. Ẹ jẹ́ kí táyà tọ́, ẹ tẹ ti ẹ̀yìn fúyẹ́, kí ẹ wá máa fún ti iwájú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fún ọsàn. Lórí yanrìn, ti ẹ̀yìn ni kí ẹ gbára lé, jẹ́jẹ́; lórí ilẹ̀ tútù, ẹ lo méjèèjì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ní ti yíyà, ohun tí bọ̀dá tó kọ́ mi ń tẹnu mọ́ ni, “Má wo táyà iwájú o, ibi tó o bá ń wò ló máa gbé ẹ lọ.” Ojú gbọ́dọ̀ wo ibi tí ẹ fẹ́ jáde sí, orí á yí, ara á tẹ̀ lé e. Nígbà tí eré bá kéré, ẹ fi kílọ́ọ̀ṣì sí ibi tó ti ń dì mú, kí ẹ tẹ bíréèkì ẹ̀yìn díẹ̀, ọ̀kadà ò ní mì. Lórí eré, ẹ rọra ti ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ọ̀kadà á tẹ̀ sí ọ̀tún. Ó jọ ohun tó yí padà, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò lórí pápá, ẹ ó rí i.

Lẹ́yìn Sọ́ńdè mẹ́ta lórí pápá ló kan òkè, torí kò sí bí èèyàn ṣe máa wa ọ̀kadà n'Ìbàdàn tí kò ní gun òkè. Òkè Mọ́kọ́lá, lọ́nà tó lọ sí Premier Hotel, ni mo ti kọ́ ọ, kí n tó dán Mápó wò. Bí ẹ bá dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún gbọ́dọ̀ wà lórí bíréèkì ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀, kó ti wà ní jíà kìíní. Ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì dé ibi ìdìmú títí ẹ̀yìn ọ̀kadà fi rẹlẹ̀ díẹ̀, ẹ fi iná kún un ju ti ilẹ̀ pẹrẹsẹ lọ, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Bíréèkì ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tú bíréèkì á padà sẹ́yìn lu mọ́tò. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ fi sí jíà kejì kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa dì yín mú. Àwọn tó ń yọ jíà pátápátá láti ṣọ́ epo ń fi gbogbo ìwúwo sọ bíréèkì. Á gbóná, kò sì ní mú dáadáa mọ́.

Lórí títì, táksí Micra lẹ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́. Ó lè dúró lójijì nítorí èrò, kó sì fà sí ọ̀tún. Ẹ má gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá, torí ilẹ̀kùn èrò á ṣí lù yín. Lẹ́yìn òjò, àgbàrá máa ń kó yanrìn wá sí kọ́nà, kò sì hàn títí ẹ ó fi dé orí rẹ̀. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó yà, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ti ń yà. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ kíláàsì A ni ti ọ̀kadà, ẹ gbà á kí ẹ tó jáde.

Bí ẹ bá dúró tán, apá òsì ni kí ẹ ti sọ̀kalẹ̀. Sàlẹ́ńsà wà lápá ọ̀tún, ó sì máa ń jó iṣan ẹsẹ̀. Bó bá jó yín, omi tútù tó ń ṣàn ni, fún ogún ìṣẹ́jú, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín tàbí ọ́ìlì. Ẹ pa ẹnu epo, ẹ fi sí jíà kìíní bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́. Bí ẹ bá sì tún fẹ́ lọ, ẹ rí i pé ẹ ti gbé sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ sókè, torí ní yíyà sí òsì àkọ́kọ́, ilẹ̀ ni yóò kọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, apá òsì ló máa ń ro èèyàn, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Bó bá ro yín ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ wo wáyà kílọ́ọ̀ṣì bóyá ó ti gbẹ, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i láti òkè, kí ẹ sì dín bí ẹ ṣe ń fún ọwọ́ náà mọ́ra kù. Ìka méjì tó o.