Adìẹ Líle ní SW-14

Adìẹ líle ló gbé mi dé ibẹ̀. Èyí tí mò ń rí rà ní Saskatoon, ní Kánádà, kó tó hó lẹ́ẹ̀kan ó ti fọ́ sínú ọbẹ̀, ìkómọ sì ku ọ̀la. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìyá olóko kan ń ta àgbà adìẹ tí kò yé mọ́. Mo béèrè àdírẹ́sì. Ohun tí ìyá náà fi ránṣẹ́ ni SW-14, nọ́mbà méjì mìíràn, àti W3. Kò sí orúkọ àdúgbò, kò sí nọ́mbà ilé.

Mo yà sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní RM, mo ra máàpù. Orúkọ olóko wà lórí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé wọn là á yé mi: W3 ni ìwọ̀ oòrùn ìlà kẹta tí àwọn awọnlẹ̀ fà láti àríwá dé gúúsù. Nọ́mbà méjì yòókù ni táúnṣípù àti rénjì: táúnṣípù ni wọ́n ń kà láti bodè Amẹ́ríkà lọ sókè, rénjì láti ìlà yẹn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Táúnṣípù kan jẹ́ máìlì 6 níbùú, 6 lóròó, wọ́n gé e sí sẹ́kíṣọ̀n 36. Éékà 640 ni sẹ́kíṣọ̀n kan, 14 sì ni nọ́mbà sẹ́kíṣọ̀n tí mò ń wá. SW ni ìdá mẹ́rin rẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn, éékà 160.

Mo ní ó ti yé mi. Irọ́ ni. Wọ́n ń ka sẹ́kíṣọ̀n bí ẹni ń ro oko: tó bá ro ìlà kan dé òpin, ibẹ̀ náà ni yóò ti yí padà. Àmọ́ igun ọwọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀ ni 1 wà. Èmi bẹ̀rẹ̀ láti òsì bí ẹni ń kàwé. Bí mo ṣe bá ara mi ní 17 dípò 14 nìyẹn, láàárín òdòdó kánólà, irúgbìn tí wọ́n ń fún òróró lára rẹ̀, tó pupa rẹ́súrẹ́sú títí ojú fi ṣú. Fóònù kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nílé, o ò ní tíì sọ gíláàsì mọ́tò kalẹ̀ tán tí ẹni mẹ́ta yóò ti máa júwe ọ̀nà, tí ẹnì kẹrin yóò ní wọ́n ń parọ́. Níbí, afẹ́fẹ́ nìkan ni.

Mo tẹ́ máàpù sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀nà àríwá sí gúúsù wà ní máìlì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà mo wa mọ́tò lọ sí ìlà oòrùn, mo ń ka oríta. Ìkejì kì í ṣe ọ̀nà, koríko lásán ni, ṣùgbọ́n mo kà á mọ́ ọn. Ní ìkẹta, mo rí igi tí wọ́n gbìn yí ilé ká nítorí afẹ́fẹ́.

Ìyá náà ti tu ìyẹ́ adìẹ mẹ́wàá sílẹ̀ dè mí. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé wọ́n le gan-an? Mo ní eyín wa ló ń wá iṣẹ́.