Òòyì Ń Kọ́ni, Owó Ń Lọ: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, ó sì ti lé ní ọdún 19 tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo nínú oṣù tó kọjá, ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó gbé àpò náílọ́ọ̀nù tí oògùn kún inú rẹ̀ wá bá mi, tí wọ́n ní òòyì ti ń kọ́ àwọn láti bí oṣù mẹ́rin, oṣù mẹ́fà, ọdún kan. Mo da oògùn náà sórí tábìlì, mo sì ṣírò ohun tí wọ́n ti ná: ẹni tí tirẹ̀ kéré jù lọ ti ná ju 80,000 fàráǹkì lọ. Mo wá bi wọ́n léèrè pé ìgbà wo ni òòyì náà máa ń dé, àti pé báwo ni ó ṣe máa ń pẹ́ tó kí ó tó lọ. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó rí èsì fọ̀. Ìbínú ọjọ́ náà kò tíì tán nínú mi, òun ni ó sì mú mi kọ èyí. Kì í ṣe pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ. Èmi náà ti ṣe irú òmùgọ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù márùn-ún gbáko, n ó sì sọ ọ́ láìpẹ́.

Àṣìṣe kìíní ni kí a máa pe gbogbo òòyì ní ibà. Lóòótọ́ ni ibà máa ń mú kí òòyì kọ́ni, ṣùgbọ́n kì í fi oṣù mẹ́rin ṣe é láìsí ara gbígbóná. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka ni a fi ń yẹ ibà wò, èsì rẹ̀ kì í sì í ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Èyí tí ó ń dùn mí jù ni pé kuníìnì tí àwọn kan ń lò láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò a máa mú kí etí hó, a sì máa fa òòyì fúnra rẹ̀, wọn a sì tún gba òmíràn sí ara nítorí pé òòyì ọ̀hún kò lọ.

Àṣìṣe kejì ni kí ènìyàn sáré lọ ya àwòrán orí, èyí tí wọ́n ń pè ní sìkánà, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdúró. Bàbá àgbẹ̀ kan láti ìhà Ṣábẹ̀ ta ewúrẹ́ mẹ́rin, ó lọ ya àwòrán náà ní Kútọnu, wọn kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀. Kàkà kí inú àwọn ọmọ rẹ̀ dùn, wọ́n ní bí ẹ̀rọ kò bá ti rí i, ayé ni. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ mi, mo ní kí ó dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo wọn ìfúnpá rẹ̀, mo ní kí ó dìde, mo tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan àti lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí iye tí ó wà lókè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí kí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ fi 10 wálẹ̀, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ti bàbá fi 34 wálẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì ni ó ń lò, ó sì tún ń lo ọ̀kan tí ó ń jẹ́ kí ìtọ̀ àgbà ọkùnrin lè jáde geere. Irú oògùn ìtọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú a máa fa ìfúnpá wálẹ̀ bí ènìyàn bá dìde. Dókítà tún oògùn náà tò, òòyì sì lọ. Ewúrẹ́ kò padà.

Àṣìṣe kẹta ni èyí tí mo fẹ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Àwa aláìsàn a máa ra ohun gbogbo, ṣùgbọ́n a kì í gbé ìtàn òòyì wa dání lọ sí ilé ìwòsàn. A óò ní “òòyì ń kọ́ mi”, a óò sì dákẹ́, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹnìkan ń sọ pé ilé ń yí, ẹnìkejì ń sọ pé ojú òun ń ṣú bí ẹni tí yóò dákú, ẹnìkẹta ń sọ pé òun ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tí ó mutí. Òòyì kan náà ni gbogbo wọn pè é. Bí ó ti ń ṣe yín yẹ kí ẹ sọ, ṣùgbọ́n àkókò tí ó ń lò àti ohun tí ó ń fà á wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí kò pé ìṣẹ́jú kan, tí ó máa ń dé bí ènìyàn bá yí ara padà lórí ibùsùn, inú etí ni ó sábà máa ń ti wá. Èyí tí ó ń lo wákàtí, tí etí kan ń hó, tí kò sì gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́, lè jẹ́ àrùn tí a fi orúkọ Prosper Ménière pè, oníṣègùn ará Faransé tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1861 pé etí ni irú òòyì bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń pọ̀, tí òòyì sì ń kọ́ bí ó bá gun àtẹ̀gùn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò.

Èmi tí mo mọ gbogbo èyí, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ní òru ọjọ́ kan mo yí sí apá ọ̀tún, àjà ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí òkòtó. Mo di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Ní ọjọ́ kejì mo lọ ra oògùn òòyì, mo sì lò ó fún oṣù márùn-ún, èmi ni dókítà, èmi náà ni aláìsàn. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà etí kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ó bi mí pé, “Màdáàmù, apá wo ni ẹ máa ń yí sí kí ó tó dé?” N kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, ojú tì mí. Ó ní kí n jókòó, ó yí orí mi sí ọ̀tún díẹ̀, ó sì dá mi dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí orí mi fi rọ̀ kọjá etí ibùsùn. Òkòtó tún bẹ̀rẹ̀. Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó sì ń wo ẹyinjú mi tí ó ń fò pìpì. Dix àti Hallpike, oníṣègùn méjì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ṣàlàyé àyẹ̀wò yìí ní 1952. Kò gba ẹ̀rọ, kò gba iná mànàmáná. Òkúta wíńníwíńní kan ni ó kúrò ní àyè rẹ̀ nínú etí tí ó sì bọ́ sínú ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, sìkánà kò sì lè fi í hàn. Ó yí orí mi ní ìpele ìpele títí òkúta náà fi padà sílé. Gbogbo rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra yín.

Ẹ má ṣe gba abẹ́rẹ́ jẹntamáísìn, oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn, lọ́wọ́ ẹni tí ń ta oògùn kiri ọjà, nítorí ó lè ba inú etí jẹ́ títí láé. N kò bá agbo jà, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ retí?

Oògùn tí ń dá òòyì dúró, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Bí a bá lò ó pẹ́, kì í jẹ́ kí ọpọlọ kọ́ bí yóò ṣe tún ara gbé dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni sísùn sílé láti àárọ̀ dé alẹ́.

Bí ẹnu bá wọ́, tí ọ̀rọ̀ bá wúwo lẹ́nu, tí ẹ bá ń rí nǹkan méjì méjì, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò bá lágbára, tàbí tí ẹ kò bá lè rìn láìdi nǹkan mú, ilé ìwòsàn ní wákàtí náà gan-an, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi.

Ẹ má sì gbà pé “àyẹ̀wò kò rí nǹkan” túmọ̀ sí pé irọ́ ni ẹ ń pa. Òòyì kan wà tí ó máa ń ju oṣù mẹ́ta lọ, tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àìsàn mìíràn, tí ó sì ń le sí i láàárín èrò ọjà. Ọpọlọ ni kò tíì gbà pé ewu ti kọjá. Eré ìdárayá tí ó ń kọ́ ara bí yóò ṣe dúró wà lára ohun tí a fi ń tọ́jú rẹ̀, kò sì sí nínú àpò náílọ́ọ̀nù.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn padà wá ní ọjọ́ Ẹtì. Mo ti ní kí ó ra ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ ọjọ́, ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́, bí òòyì ṣe pẹ́ tó, àti gbogbo oògùn tí ó lò. Ìlà mẹ́jọ ni ó kọ. Ní ìlà méje, aṣọ ni ó ń sá, tí ó sì gbójú sókè sí okùn. Mo fún un ní orúkọ dókítà etí, mo sì ní kí ó fi àpò náílọ́ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi.