Bí Mo Ṣe Pín Fader àti Mute sí Ọ̀wọ́ fún Ìdána Kan ní Sùúrùlérè

Tí ẹ bá ti ṣe sáńdì níbi ìdána l'Ékòó rí, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe báńdì ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn alága ni. Alága ìjókòó á máa sọ̀rọ̀ lọ, á dá orin láì sọ fún ẹnikẹ́ni, á ní kí onílù fèsì, á tún ní kí gbogbo ilé dákẹ́, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá ń wá fader (ọwọ́ tí à ń fà sókè-sódò lórí míkísà láti fi díwọ̀n ohùn) lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ti kọjá lórí rẹ̀.

Gbọ̀ngán tí a ti ṣe é kò jìnnà sí Adéníran Ògúnsànyà. Míkísà tí mo bá níbẹ̀ ni Behringer X32: channel (ọ̀nà tí maiki tàbí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà wọlé) 32, DCA (fader kan tó ń darí ọ̀pọ̀ channel) 8, mute group (bọ́tìnnì kan tó ń pa ohùn ọ̀pọ̀ channel lẹ́ẹ̀kan náà) 6. Báńdì jùjú, DJ, MC àti alága méjì. Nígbà tí mo to wáyà tán, channel 26 ni gbogbo ẹ̀ gbà. Kí n tó pín ohunkóhun, mo lọ bá alága ìjókòó níbi tó ti ń wé gèlè.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ máa fẹ́ kí báńdì dákẹ́ pátápátá?"

"Ọmọ mi, ìgbà àdúrà nìkan ni. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ṣáà fi gángan àti kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún mi, àwọn ni mo fi ń ṣeré."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi pín gbogbo ẹ̀. Ọ̀pọ̀ sáńdìmáànù máa ń pín in bí irinṣẹ́ ṣe jọra: ìlù síbí, gìtá sọ́hùn-ún, ohùn sápá kan. Kò burú fún ṣọ́ọ̀ṣì. Lóde ìdána, ohun tó yẹ kéèyàn bi ara rẹ̀ ni pé àwọn wo ló máa jọ gbéra sókè, àwọn wo ló sì máa jọ dákẹ́. DCA ló ń dáhùn ti àkọ́kọ́, mute group ló ń dáhùn ìkejì, kò sì pọn dandan kí ìdáhùn méjèèjì bára mu.

DCA máa ń rú àwọn ọmọ iṣẹ́ lójú. Ohùn kankan kì í gba inú rẹ̀ kọjá, bíi rìmóòtù ló rí. Tí ẹ bá fà á wálẹ̀ ní dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó) 10, gbogbo channel abẹ́ rẹ̀ á lọ sílẹ̀ ní dB 10, bí ọ̀kan ṣe ga ju èkejì lọ ò ní yí padà, fader tiwọn gan-an ò sì ní mì. Tí channel kan bá wà lábẹ́ DCA méjì, tí ẹ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wálẹ̀ ní dB 5, dB 10 ló máa bọ́ lára rẹ̀. Subgroup yàtọ̀: ohùn àwọn channel wọ inú bus (ọ̀nà kan tí wọ́n ti pàdé) ní tòótọ́, ẹ sì lè fi compressor (ohun tó ń dín ohùn tó bá ga jù kù) kan ṣoṣo mú gbogbo wọn. Àmọ́ tí ẹ bá fa bus elégbè wálẹ̀, ẹ́kò tí ẹ rán láti orí channel wọn á ṣì máa dún lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ DCA, tí ẹ́kò yẹn sì wà ní post-fader (ìyẹn ni pé ohùn tó ń lọ síbẹ̀ ń tẹ̀ lé fader), á bá wọn lọ sílẹ̀. Mo lo méjèèjì fún elégbè mẹ́ta tó wà níbẹ̀: bus fún compressor, DCA fún ọwọ́ mi.

Lórí X32, ẹ tẹ bọ́tìnnì Select ti DCA mọ́lẹ̀, kí ẹ máa tẹ Select ti channel tí ẹ fẹ́ fi síbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ tẹ Select DCA náà, iná àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ á tàn.

Dírọ́ọ̀mù, àkúbà àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ sí DCA 1. Gángan méjèèjì ò sí níbẹ̀. DCA 2 jẹ́ tiwọn nìkan. Tí onígángan bá ń ki bàbá ìyàwó, tí wọ́n sì ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, ta ló fẹ́ gbọ́ àkúbà? Béèsì, gìtá àti kíbọ́ọ̀dù wà ní 3, fèrè ní 4, elégbè ní 5, àwọn alága àti MC ní 6, DJ ní 7, ẹ́kò ní 8. Olórin fúnra rẹ̀ ò sí lábẹ́ DCA kankan, torí ìka mi kì í kúrò lórí fader rẹ̀.

Ní ti mute, ẹ kọ́kọ́ tẹ Mute Grp lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹ̀rọ, kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà group mọ́lẹ̀ kí ẹ sì máa tẹ Select. Group 1 ni gbogbo báńdì, yàtọ̀ sí gángan àti kíbọ́ọ̀dù. Àwọn yẹn nìkan ló wà ní group 2. Tó bá di àdúrà, mo máa tẹ méjèèjì. Mi ò fi channel kan sínú group méjì, kí n má baà máa ro èwo ló dì í mú. Group 3 jẹ́ ti maiki alága àti MC, 4 jẹ́ ti ẹ́kò, torí ẹ́kò lórí ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń sú mi.

Múńítọ̀ (sípíkà tí àwọn olórin fi ń gbọ́ ara wọn), pre-fader ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn ni pé fader àti DCA ò kàn án. Tí àwọn àgbà bá ní ariwo pọ̀, tí mo sì fa DCA 1 wálẹ̀, onídírọ́ọ̀mù ò ní mọ̀, ìjà ò sì ní sí.

Nígbà tí ẹbí ọkọ dọ̀bálẹ̀, alága ìjókòó ní òun ò tíì rí i kí àyà kan ilẹ̀, ló bá dá orin. Mo ti tẹ mute group 1, iná pupa ti tàn lórí ọ̀pọ̀ channel. Gángan gbà á lẹ́nu rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ lé e. Alága gbọ́wọ́ sókè fún àdúrà, mo tẹ group 2. Bí wọ́n ṣe ṣe àmín tán, mo tú méjèèjì, báńdì bú jáde, MC sì jó lọ síwájú sípíkà pẹ̀lú maiki lọ́wọ́. Kí maiki náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í hu, mo ti tẹ group 3.

Mo fi gbogbo ẹ̀ pamọ́ bíi scene (àkójọ gbogbo ètò orí míkísà), mo sì gbé e sórí flash. Tó bá jẹ́ báńdì fújì tí kò gbé gìtá àti béèsì wá ni mo máa bá ṣe, kíbọ́ọ̀dù nìkan ló máa kù ní DCA 3. Màá gbé e lọ bá fèrè ní 4, kí sákárà lè ní 3 tirẹ̀.